Àgọ́ Funfun Tó Lẹ̀ Mọ́ Aṣọ

Ìyá Onísítáǹpù ni àwọn oníbàárà ẹ̀gbọ́n mi obìnrin máa ń pè é. Mo sì máa ń tún un sọ fún wọn pé aránṣọ ni. Abẹ́rẹ́ ló fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, kì í ṣe sítáǹpù. Àmọ́ n kò lè dá wọn lẹ́bi tán, nítorí ohun tí ènìyàn kọ́kọ́ ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ni abọ́ omi kékeré kan, tí igun àpòòwé tó ti gé ń léfòó nínú rẹ̀, tí sítáǹpù ara wọn ń bó díẹ̀díẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo sítáǹpù ló ń kó jọ. Ti ẹyẹ, ti ọkọ̀ ojú irin, ti bọ́ọ̀lù, ó máa ń fi wọ́n tọrẹ ni. Èyí tí wọ́n tẹ̀ láti fi yẹ́ àwọn ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ sí nìkan ni tirẹ̀: àwọn tó ń tọ́jú ẹni tí ogun lé kúrò nílé, àwọn tó ń fún ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, àti pàápàá Ẹgbẹ́ Àgbélébùú Pupa. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Nígbà tí omíyalé gbé ilé wa lọ, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, èmi sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Inú àgọ́ tí ẹgbẹ́ náà pa fún wa la sùn títí ilẹ̀ fi gbẹ. Èmi ò rántí nǹkan kan. Òun ò gbàgbé nǹkan kan.

Sítáǹpù kan wà tó ti ń wá tipẹ́. Àgọ́ funfun kan ló wà lórí rẹ̀, àmì àgbélébùú pupa lára àgọ́, ọmọdébìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọdún tí omi lé wa nílé gan-an ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ilé ìkàwé àdúgbò wa kéde pé àwọn fẹ́ ṣe ìpàtẹ àti ìdíje fún àwọn tó ń kó sítáǹpù jọ, ìyẹn nìkan ló kù ú kù. Ṣe ni oníbàárà rẹ̀ kan tó rìnrìn àjò bá a rí i, ó sì mú un bọ̀. Tuntun ni, ẹnikẹ́ni kò tíì lò ó rí, gọ́ọ̀mù ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Gọ́ọ̀mù yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Aránṣọ kì í rí ohun tó hunjọ kó má lọ̀ ọ́. Bí sítáǹpù bá ti kúrò lómi tó sì gbẹ, ẹ̀gbọ́n mi á tẹ́ ẹ sórí aṣọ funfun, á gbé irin gbígbóná lé e, á sì nà pẹrẹsẹ. Kò sí aburú nínú ìyẹn, omi ti fọ gọ́ọ̀mù tiwọn dànù. Àmọ́ tuntun yìí ká díẹ̀ nígun kan. Ọwọ́ tó ti mọ́ iṣẹ́ lára kì í dúró ronú. Nígbà tó gbé irin kúrò, gọ́ọ̀mù ti yọ́ wọnú òwú, sítáǹpù àti aṣọ ti di ọ̀kan.

Ó ránṣẹ́ pè mí nílé ìwé tí mo ti ń kọ́ni. “Tíṣà, wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ.”

Mo wò ó títí. “Ẹ jẹ́ ká rì í sómi.”

“Pupa yẹn á ṣí. Mo ti dán irú ẹ̀ wò rí. Àgọ́ funfun á di àgọ́ pupa.”

“Ẹ yọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà. Òfin wọn ni pé sítáǹpù kankan ò gbọdọ̀ lẹ̀ mọ́ nǹkan. Wọ́n lè tìtorí ẹyọ kan dá gbogbo ẹ̀ padà.”

“Kí n pa àgọ́ tì? Ìyẹn ni pé kí n rán ṣòkòtò, kí n wá gbàgbé ẹsẹ̀ kan.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, alábòójútó ibẹ̀ le o.”

“Ẹni tó pọ̀n ẹ́ la omi kọjá, ṣé alábòójútó ilé ìkàwé ló máa wá bà á lẹ́rù?”

Mo bá mú àlùmọ́gàjí fún un. Ó gé aṣọ náà yí sítáǹpù ká, ó ká etí rẹ̀ wọnú, ó fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán an mọ́ ojú ìwé tó kẹ́yìn nínú ìwé tó ń to àwọn sítáǹpù rẹ̀ sí, àwọn ojú abẹ́rẹ́ náà wẹ́wẹ́ bí ẹyin èèrà. Ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: “Aránṣọ ni mí. Mo fi irin lọ̀ ọ́, ó lẹ̀ mọ́ aṣọ. Inú irú àgọ́ yìí ni èmi àti àbúrò mi sùn nígbà tí a kò nílé.” Mo fẹ́ bá a tún gbólóhùn kejì tò. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi.

Ní ilé ìkàwé, alábòójútó ń ṣí ìwé náà lọ, ó ń mi orí. Nígbà tó dé ojú ìwé tó kẹ́yìn, ó dúró.

“Mama, èyí ò bá òfin mu.”

“Mo mọ̀, sà.”

“Ta ló bá yín rán an?”

“Ṣé ẹ rí ibi tó ti wọ́ ni?”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ka ohun tó wà nísàlẹ̀, ó sì tún un kà. “Mi ò lè fi sínú ìdíje, Mama. Ẹ ò ní gba ẹ̀bùn kankan.”

“Ẹ̀bùn kọ́ ni mo wá gbà. Kí wọ́n rí i ni mo wá fún.”

“Wọ́n á rí i.”

Ẹnu ọ̀nà ló gbé e sí, nínú àpótí onígíláàsì, ojú ìwé tó kẹ́yìn yẹn ló sì ṣí sílẹ̀. Kò sí ẹni tó wọlé tí kò kọ́kọ́ kí i. N kò rántí ẹni tó gba ipò kìíní.

Mo dúró ti àpótí náà láti àárọ̀. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan á tọ́ka sí ọmọdébìnrin ẹnu àgọ́ yẹn, á bi mí pé, “Ṣé ẹ̀gbọ́n yín rèé?”

Mo máa ń tọ́ wọn sọ́nà. “Rárá o. Ẹ wò ó dáadáa. Ọmọ yẹn ò pọn ẹnì kankan. Ẹ̀gbọ́n tèmi pọ̀n mí.”