Mọ́tò Àsìkò Yìnyín

Onígbàjámọ̀ ni àbúrò mi. Àga méjì, dígí kan, fáànù tó ń kùn. Ẹ̀gbẹ́ dígí ló gbé géèmù mọ́tò sí, kí dídúró má baà sú oníbàárà.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń tún rédíò ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Rédíò náà là ń pè é. Àbúrò mi ló máa ń gé irun fún un. Tí ọwọ́ bá ti dilẹ̀ nírọ̀lẹ́, àwọn méjèèjì á jókòó ti géèmù.

Ìlú ńlá ló wà nínú rẹ̀, tòun ti oko àti òkè. Ibi tó bá wù ọ́ lo lè wakọ̀ gbà. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni àsìkò ibẹ̀ ń yí: oòrùn á ràn, ewé á rẹ̀, yìnyín á bolẹ̀, koríko á tún hù. Àsìkò kọ̀ọ̀kan ló ní mọ́tò tó fi ń ta awakọ̀ lọ́rẹ. Kò ṣeé rà. Wàá sáré títí máàkì rẹ á fi pé. Bí àsìkò bá lọ kó tó pé, ó parí. Máàkì àná kì í wọ àsìkò tuntun.

Ti yìnyín jẹ́ mọ́tò pupa kan. Àbúrò mi fi táyà ilẹ̀ gbígbẹ sáré, ó ń yọ̀ wọ igbó.

"Ṣé oko lo fẹ́ lọ ro ni?" Rédíò bi í. Òun ti pààrọ̀ táyà tirẹ̀ sí ti yìnyín. Máàkì rẹ̀ ku díẹ̀ kó pé.

Nígbà tó lọ tán, àbúrò mi ní, "Ẹ̀rọ mi. Iná mi. Àga mi. Òun ni yóò wá gba mọ́tò."

Mo ní, "Ìwọ náà pààrọ̀ táyà."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi mí sílẹ̀."

Nírọ̀lẹ́ tó kẹ́yìn àsìkò náà, ó fi aṣọ bo ẹ̀rọ. Rédíò wọlé.

"Ó ti bàjẹ́," àbúrò mi wí.

Rédíò rẹ́rìn-ín. "Èmi lò ń sọ bẹ́ẹ̀ fún? Gbé e wá."

Owú ò jẹ́ kó rántí iṣẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ó di ọ̀la," ló rí sọ. "Orí ń fọ́ mi."

Lọ́jọ́ kejì, Rédíò tú ẹ̀rọ náà sórí tábìlì rẹ̀. Ó wo inú rẹ̀, ó dè é padà, ó tàn án. Koríko ti hù níbi gbogbo. Mọ́tò pupa ti lọ.

"Kò sóhun tó ṣe é," ó wí.

"Bóyá eruku ni."

"Eruku." Ó wo ojú àbúrò mi. "Gba ẹ̀rọ rẹ, ọ̀gá."

Kò pè é ní ọ̀gá rí.

Kò tún wá mọ́. Àbúrò mi nìkan sáré lórí koríko títí máàkì rẹ̀ fi pé. Wọ́n fún un ní mọ́tò. Kò pè mí wá wò ó.

Lẹ́yìn náà ni Rédíò gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá. Ó ti gé irun. Àbúrò mi dá kílípà dúró lórí oníbàárà.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló gé e fún un?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"Ẹ wò ó, ẹ̀yìn etí yẹn ò dọ́gba."

Ó dọ́gba.