Ilé Tí Sarat Kò Padà Lọ Wò

Ẹ bá mi wo obìnrin tí mo fẹ́ o! Bí ẹ bá dé Sabon Gari níhìn-ín ní Zaria, tí ẹ ní Ìyá Àdínì lẹ ń wá, oníkẹ̀kẹ́ tó jẹ́ Hausa gan-an á gbé yín dé ẹnu ọ̀nà mi. Kò ní béèrè èmi Àdìgún. Èmi tí mo ti ń jó irin ilẹ̀kùn àti fèrèsé ní Dakace láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú, ọkọ Ìyá Àdínì ni wọ́n ń pè mí. Mo ti gbà fún Ọlọ́run. Sarat lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìlọrin ni bíi tèmi, mọ́ṣáláṣí wa ló fi oyè náà dá a lọ́lá. Kì í sì í ṣe ìborùn tó ń tà ló sọ ọ́ di èèyàn ńlá. Ìjà tọkọtaya ló ń parí.

Bó ṣe máa ń ṣe é nìyí. Tí ọkọ kan bá lu ìyàwó rẹ̀, tí ìyẹn sá wá bá wa, Sarat á gbà á sílé, á ránṣẹ́ sí ọkọ, á pe àwọn àgbà. Ọkọ á dọ̀bálẹ̀, ìyàwó á kúnlẹ̀, wọn á ṣàdúà. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé tùwó kalẹ̀ nínú abọ́ kan ṣoṣo, tí àwọn méjèèjì á jọ jẹ ẹ́ lójú gbogbo wa. Bí wọ́n bá ti jẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tún un sọ mọ́. Inú mi máa ń dùn láti jókòó síbẹ̀. Ta ni kò fẹ́ràn ìjà tó parí?

Nígbà tí ẹgbẹ́ kan láti Kaduna gbé ètò dé pé àwọn fẹ́ kí lílu obìnrin dópin, ọ̀dọ̀ Sarat ni wọ́n kọ́kọ́ wá. Wọ́n fún un ní fóònù, wọ́n ní kó máa pe àwọn obìnrin tó ti padà sílé ọkọ lóṣooṣù, kó bi wọ́n bí nǹkan ṣe ń lọ sí. Sarat kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Yóò jókòó sórí ẹní, yóò máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ló sì ń sọ pé dáadáa ni. Tó bá parí, á wò mí bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. Àwọn ará Kaduna náà ń gbé e gẹ̀gẹ̀, wọ́n ní kò síbi tí ètò àwọn ti yọrí tó Sabon Gari.

Lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n rán ẹni tó máa yẹ iṣẹ́ náà wò sí wa. Morọ́láolúwa lorúkọ rẹ̀, olùkọ́ yunifásítì ni, GRA ló ń gbé. Ọmọ tó mọ àgbà kí ni, ìyẹn ló jẹ́ kí n kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Sarat ní kó wá fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Ó pe Mujeebat, ọmọbìnrin kan tí a ti bá parí ìjà òun àti Fàtíù ọkọ rẹ̀, ó sì tẹ fóònù náà kí gbogbo wa lè gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Mujeebat, ilé ńkọ́?"

"Alhamdulilahi, Mama."

"Fàtíù ńkọ́? Ṣé àlàáfíà ni?"

"Alhamdulilahi. A dúpẹ́, Mama."

Sarat gbé fóònù sílẹ̀. "Dókítà, ẹ̀yin náà gbọ́."

Morọ́láolúwa sún mọ́ ọn. "Mà, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ bi yín o. Wọ́n sọ fún mi pé ẹ pàdánù ọmọ yín obìnrin kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Àkọ́bí mi."

"Nígbà tí wọ́n sin ín tán, tí àwọn èèyàn ń wá, tí wọ́n ń bi yín pé báwo ni ara, kí lẹ dá wọn lóhùn?"

Kai! Inú bí mi. Ìbéèrè wo nìyẹn? Mo ti fẹ́ dìde kí n fi ọ̀nà hàn án, àfi bí mo ṣe wo ojú ìyàwó mi. Èmi náà ṣáà wà níbẹ̀ nígbà náà. Obìnrin tí a ń gbá mú kó tó lè dé balùwẹ̀, alhamdulilahi ló ń dá gbogbo ayé lóhùn. Kí ni Mùsùlùmí á tún sọ? Kí ni Yorùbá tí wọ́n bi pé ṣé dáadáa ni á tún sọ?

"Ó yé mi," ni Sarat wí. Kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé Mujeebat láìpè é tẹ́lẹ̀. Òun àti Mujeebat ni wọ́n jọ padà dé. Ọmọ náà fi ìborùn gbé apá òsì kọ́rùn. Egungun ọwọ́ ti ṣẹ́, ó sì ti ṣẹ́ kí a tó pè é lórí fóònù. Mi ò purọ́ fún yín, mo sunkún bí ọmọdé.

Fàtíù kò jẹ́ kó pẹ́ kó tó dé, òun pẹ̀lú àwọn àgbà, Àlhájì Ọláyíwọlá ló ṣáájú wọn. Ẹnu ọ̀nà ló ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Mama, ẹ ṣàánú mi. Iṣẹ́ èṣù ni." Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n bá wá: kí Mujeebat tún bá a lọ. Ohun tí èmi ń bẹ̀rù ni pé tó bá tún lọ, òkú rẹ̀ la máa lọ gbé.

Tí a bá ń parí ìjà nílé wa, ìyàwó tí wọ́n lù ló máa ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Lọ́jọ́ náà, Sarat ní Mujeebat ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ń kùn. Mujeebat bẹ̀rẹ̀, ó ń kólòlò. Zaria ni wọ́n bí i sí, Yorùbá tó gbọ́ kò ju ti ìkíni lọ.

"Fi Hausa sọ ọ́, ọmọ mi," ni Sarat wí.

Haba! Ọ̀rọ̀ ya jáde bí omi. Ìgbátí, okùn iná, ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ̀ ẹ́ nínú. Ó parí rẹ̀ pẹ̀lú "Na gaji, Mama. Wallahi, na gaji." Ó ti rẹ̀ ẹ́, ìyẹn ló ń wí.

Àlhájì Ọláyíwọlá fi ọwọ́ nu ojú. "Ó dùn mí o. Ṣùgbọ́n ahọ́n àti eyín náà ń jà. Sarat, gbé abọ́ wá."

"Mi ò ní gbé e wá, Àlhájì."

"Mama," ni Fàtíù wí nílẹ̀ níbẹ̀, "ẹ̀yin lẹ mà so wá pọ̀!"

"Mo mọ̀. Èmi náà ni mò ń tú u."

Àlhájì kọjú sí mi. "Àdìgún, ṣé kì í ṣe ìwọ lọkọ ni? Bá ìyàwó rẹ sọ̀rọ̀."

Gbogbo wọn ń wò mí. Ọ̀rẹ́ mi ni Àlhájì, òun ló so yìgì èmi àti Sarat. "Àlhájì," mo ní, "eyín tó bá ń gé ahọ́n jẹ lójoojúmọ́, ṣé wọn kì í yọ ọ́ ni?" Wọ́n bínú jáde. Ìyá Mujeebat wà ní Ìlọrin, ibẹ̀ la mú un lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì ti jinná.

Nígbà tí ẹgbẹ́ náà wá jíròrò lórí àbọ̀ ìwádìí Morọ́láolúwa, ọ̀gá kan láti Kaduna ní ti Mujeebat kò ba nǹkan jẹ́, ẹnì kan ṣoṣo ni. Sarat dìde. "Ẹ má kọ ọ́ pé ẹnì kan ni. Ẹ kọ ọ́ pé a ò tíì mọ̀. Fóònù ni mo ń pè, mi ò padà lọ wo ilé ẹnikẹ́ni." Ó ní òun á lọ kárí gbogbo wọn, títí tí òun á fi mọ̀.

Waheedat ló kọ́kọ́ lọ wò, obìnrin kan ní Dakace tó ti bá parí ìjà ní èṣí. Mo tẹ̀ lé e, torí kò jìnnà sí ibi iṣẹ́ mi. Ó kan ilẹ̀kùn. Waheedat ṣí i, ojú rẹ̀ kan ti wú, ó pọ́n. Bó ṣe rí i pé Sarat ni, ó kúnlẹ̀ kíá, kò tilẹ̀ dúró kí wa.

"Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, láti ọjọ́ tí a ti jẹ tùwó yẹn, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni o. Mò ń fara dà á, bí ẹ ṣe ní kí n ṣe."