Kádàrá Kọ́ Ló Ra Sìmẹ́ńtì

Nígbà tí mo ṣì kéré, tó jẹ́ ṣòkòtò kan ṣoṣo ni mo fi ń lọ ilé ìwé àti ilé kéú, inú yàrá kan ni gbogbo wa ń gbé ní Ajégúnlẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kà á, ẹ má retí gírámà lọ́wọ́ mi o. Fọ́ọ̀mù tuu ni èmi àti ìwé ti pínyà, a ò sì tíì ríra látìgbà náà. Ohun tó pín wa níyà ni mo fẹ́ sọ, inú sì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Bàbá mi ń ru ẹrù ní wọ́ọ̀fù, ní Àpápá. Àpò ìrẹsì, àpò ṣúgà, ẹ̀yìn ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ń gbà jáde látinú ọkọ̀ òkun. Nígbà tó yá, kọ̀ǹténà dé. Ẹ̀rọ kan á gbé ohun tí agbo ọkùnrin ń rù, kò ní làágùn, kò ní béèrè owó oúnjẹ. Ni ilé iṣẹ́ wọn bá dá wọn dúró, wọ́n sì san owó ìdádúró fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá mi ò rí irú owó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá mi ti mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ìrẹsì ló ń sè fún àwọn awakọ̀ tírélà ní Warehouse Road, lórí tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, nínú oòrùn àti èéfín. Ó ti rí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n fẹ́ tà ládùúgbò wa, níbi tó ga, tí omi kì í wọ̀. Ó ní ká rà á, ká máa ta ìrẹsì àti ẹ̀wà alápò níbẹ̀, ká fi èrè ẹ̀ rán àwọn ọmọ nílé ìwé.

Ṣùgbọ́n bàbá mi ń lọ sípàdé ọmọ ìlú. Ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe ń jókòó níbẹ̀ fún yín. Ẹni tó bá ti kọ́lé sílùú wa, àga tó ní ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé fún un. Ẹni tí ò bá tíì kọ́, bẹ́ǹṣì. Bàbá mi, tó ti ru ẹrù láti Mọ́ńdè, orí bẹ́ǹṣì ló máa ń wà lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Bí alága bá fẹ́ kí wọ́n fún ẹlòmíì láyè, á ní, "Ẹ̀yin ará Ajégúnlẹ̀, ẹ sún mọ́ra yín níbẹ̀ yẹn." Bíi pé wọn ò nílùú. Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà á rẹ́rìn-ín, á wálé, kò ní jẹun.

Ó ní ilé lòun máa fi owó náà kọ́ sílùú wa. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ilé tá ò ní sùn nínú ẹ̀, ta lẹ fẹ́ kọ́ ọ fún?"

Bàbá mi ní, "Lọ́jọ́ tí mo bá kú, ṣé inú ṣọ́ọ̀bù ìrẹsì ni wọ́n máa tẹ́ mi sí?"

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ó kọ́lé, ó kun ún lọ́dà, wọ́n gbé àga tó ní ẹ̀yìn fún un. Owó tán. Àwa ṣì wà nínú yàrá wa, torí kò síṣẹ́ nílùú wa lọ́hùn-ún. Ìlú tó ń yìn wá ò lè bọ́ wa. Bí òjò bá rọ̀, omi á wọlé, a ó gbé mátírẹ́ẹ̀sì sókè, a ó máa wo omi bí àlejò tí ò fẹ́ lọ.

Nílé ìwé, wọ́n ní kí n lọ gbé owó wá. Bàbá mi wò mí, ó ní kí n má bínú, ìwé ni ò sí nínú kádàrá mi. Mo sì gbà á gbọ́. Ẹ wo orí mi. Mo gba Liverpool Road lọ, mo lọ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lẹ táyà tírélà, mo ń bá kádàrá mi ṣe kèéta.

Ó di ọjọ́ kan, tírélà kan ń fẹ̀yìn rìn ní Warehouse Road, ó gun tábìlì ìyá mi mọ́lẹ̀. Ìkòkò fọ́, ìrẹsì di ẹrẹ̀. Ọlọ́run ló yọ òun fúnra ẹ̀. Ó wálé, ó ròyìn ẹ̀ fún wa. Bàbá mi mi orí, ó ní, "Kádàrá ni."

Ìyá mi, tí kì í gbóhùn sókè sí i, dìde dúró. "Kádàrá kọ́ ló gbé mi sójú títì. Ẹ̀yin ni."

Bàbá mi mú kẹ́tùlù, ó lọ ṣe àlùwàlá. Àkókò ìrun ò tíì tó.

Ibẹ̀ lojú mi là. Kádàrá kọ́ ló ra sìmẹ́ńtì. Kádàrá kọ́ ló dúnàádúrà páànù. Ọkùnrin kan ló ṣe é, torí ẹ̀rín ìpàdé.

Nígbà tó darúgbó, owó táyà ni mo fi ń bọ́ ọ. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, mi ò ní kí ẹ dá nǹkan kan padà. Ẹ ṣáà sọ pé ẹ̀yin ni." Ó ní kí Ọlọ́run forí jì wá. Gbogbo wa ló kó mọ́ ọn. Kò pẹ́ ló kú. A gbé e lọ sílùú wa, wọ́n tẹ́ ẹ sí pálọ̀ ilé tó kọ́, wọ́n yìn ín. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti sin ín. Ìlò tó lo ilé náà nìyẹn.

Ayé ti yí báyìí. Ẹ̀yin ò kọ́lé sílùú yín mọ́, ilẹ̀ tó wà níbẹ̀ gan-an lẹ ń tà láti fi lọ òkè òkun. Òbí ò lè yan nǹkan fún yín. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá wọ́, ẹ̀ ń sọ pé àwọn ará abúlé ló ń fi àjẹ́ bá yín jà. Ọmọ mi ọkùnrin kó gbogbo owó tó tù jọ sínú òwò kan lórí fóònù, tí wọ́n ní owó ẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Owó wọgbó. Ó wá bá mi níbi iṣẹ́, ó ní àwọn ará abúlé ń bá òun jà. Mo bi í léèrè pé, ta ló tẹ fóònù?

Ó wá ní, "Èmi ni, Dádì."

Mo rò pé inú mi á rọ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, ṣe ló túbọ̀ ń bí mi. Ọmọ sọ ọ́ tán, ọ̀run ò ya lulẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì fi í rẹ́rìn-ín. Kí wá ni bàbá mi ń bẹ̀rù?