Eyín Àbúrò Mi àti Tèmi

Abúlé kan lẹ́bàá Goro, ní agbègbè Tchaourou, ni wọ́n bí èmi àti àbúrò mi obìnrin sí. Omi pọ́ǹpù tí a mu dàgbà níbẹ̀ tutù, ó dùn lẹ́nu, kò sì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu rí, ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń sọ eyín ọmọdé di aláwọ̀ ilẹ̀. A kò mọ̀ pé àléébù ni. Gbogbo ẹgbẹ́ wa, eyín kan náà ni. Ìyá wa nìkan ni tiẹ̀ funfun nínú ilé, torí Kika, níbi tí omi wọn ti yàtọ̀, ló ti dàgbà kó tó wá fẹ́ bàbá wa.

Ìgbà tí mo wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Tchaourou ni ẹnì kan bi mí níwájú gbogbo kíláàsì bóyá erùpẹ̀ ni mo fi ń fọ ẹnu. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu kí n tó rẹ́rìn-ín. Mo ti di olùkọ́ báyìí, Faransé ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Mo gbọ́ pé Màdáámù Kì-í-rẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn. Wọn kò parọ́.

Kútọnu ni àbúrò mi ń gbé, ó ń ṣiṣẹ́ ìgbàlejò ní òtẹ́ẹ̀lì kan. Nígbà tó wálé fún ọdún Iléyá, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó rẹ́rìn-ín sí mi, mo sì dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Eyín rẹ̀ funfun báláú.

Mo ní, "Kí lo ṣe sí i?"

"Fasẹ́ẹ̀tì ni, Ẹ̀gbọ́n. Tánganran pẹlẹbẹ bí èékánná ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ iwájú eyín. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi ṣe é."

"Dókítà wo ló ṣe é?"

"Kì í ṣe dókítà. Obìnrin kan tó ń ṣe èékánná ní àdúgbò wa ni. Ọwọ́ ẹ̀ dáa. Ẹ wá, ẹ jẹ́ kó ṣe tiyín náà."

Lọ́jọ́ ọdún, mo rí i pé kò fi eyín ya ẹran. Ó ń fi ìka já a wẹ́wẹ́, ó sì ń gbé e mì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó rẹ búrẹ́dì sínú tíì títí tíì náà fi tutù. Mo rí gbogbo rẹ̀, n kò sì béèrè nǹkan kan. Eyín yẹn ti wọ̀ mí lójú, n kò fẹ́ gbọ́ ohun tó máa mú kí n yí ọkàn padà.

Ọkọ mi, tó ń dáko kajú, kò rí ohun tó ṣe eyín mi. Ó ní bí mo bá taku, kí n ṣáà lọ bá dókítà eyín gidi. Bí mo ṣe lọ sí Parakou nìyẹn. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni dókítà náà, àgbàlagbà tí kì í kánjú sọ̀rọ̀. Ó yẹ ẹnu mi wò pẹ́.

Ó ní, "Ṣé wọ́n máa ń dùn yín?"

"Rárá."

"Ẹ ń fi wọ́n jẹ egungun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Eyín yín le, Màdáámù. Àwọ̀ nìkan ló bàjẹ́. Kí fasẹ́ẹ̀tì tó lè jókòó dáadáa, mo ní láti ha iwájú eyín díẹ̀, ohun tí mo bá sì ha kò ní hù mọ́. Tánganran náà lè fọ́, ó lè ṣí. Bó pẹ́ bó yá, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀. Bí a bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí pé a ń padà sẹ́yìn."

"Ẹ ń sọ pé kò dáa?"

"Ó dáa fún ẹni tó bá yẹ. Mo ti ṣe é fún àwọn tí inú wọn dùn sí i títí dòní. Ẹ lọ rò ó ná. N kò ní dá ọjọ́ fún yín lónìí."

Inú bí mi sí i títí mo fi délé. Mo ní kí ló kàn án, ṣé eyín rẹ̀ ni? Nígbà tí mo ròyìn fún ìyá wa, ó gbé ojú sílẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo bu omi yẹn fún yín mu." Mo ní kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Mo ṣì ń rò ó nígbà tí àbúrò mi pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ń sunkún. Ọ̀kan nínú àwọn tánganran náà ti ṣí, afẹ́fẹ́ lásán ń ta eyín rẹ̀ bí iná. Mo ní kó máa bọ̀. Lọ́jọ́ kejì, èmi àti ẹ̀ jọ lọ bá dókítà ní Parakou.

Dókítà ṣí àwọn tó kù. Ohun tó wà lábẹ́ wọn kì í ṣe eyín tí mo mọ̀ mọ́. Wọ́n ti ha wọ́n títí wọ́n fi rí ṣóńṣó, èrìgì tó yí wọn ká wú, ọ̀kan sì ti jẹrà. Dókítà ní ìyẹn kò ṣeé gbà là, àfi kí òun yọ ọ́.

A jókòó síta, à ń dúró kí abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un láti pa ìrora ṣiṣẹ́. Ó di ọwọ́ mi mú.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti ń dùn mí nígbà tí mo wálé fún ọdún. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Mo rò pé ẹ máa bi mí ni."

Ǹ bá ti purọ́ fún un, n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Mo rí i."

"Ẹ rí i?"

"Mo rí ọ pẹ̀lú ẹran yẹn. Mo rí ọ pẹ̀lú búrẹ́dì."

Ó wò mí, ó sì rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi. Nígbà tí nọ́ọ̀sì pè é, ó dìde, òun nìkan ló wọlé.

Dókítà yọ eyín kan, ó sì fi ìdérí tó dára bo àwọn tó kù. Títí ayé ni àbúrò mi yóò máa tọ́jú wọn. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó tún pè mí lórí fóònù.

Èmi náà padà lọ. Dókítà ní òun lè fi oògùn kan nu ojú eyín mi láìha á, pé kò ní funfun, àwọ̀ rẹ̀ yóò kàn mọ́ díẹ̀ ni. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ó mọ́ díẹ̀ lóòótọ́. Kò tẹ́ mi lọ́rùn, n kò sì ní purọ́ pé ó tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n eyín mi ṣì wà lódindi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi bi mí lórí fóònù pé, "Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ká ní tèmi dára ni, ṣé ẹ̀yin náà ìbá ti lọ bá obìnrin yẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá iṣu tuntun ti dé ọjà Tchaourou. Mo ní ó ti dé, kó máa bọ̀ wá jẹ ẹ́.