Baba Ẹ-Má-Bínú Tí Wọ́n Fẹ́ Sọ Di Ọ̀dọ́

Èékánná ẹsẹ̀ ni mo ń gé lọ́wọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ní Ìwó níbí nígbà tí mo gbọ́ ikọ́ kan. Kúkúrú méjì, gígùn kan, ó wá rọra kú sí ọ̀fun bí ẹni tí ojú ń tì. Ó ti ju àádọ́ta ọdún lọ tí mo ti gbọ́ irú rẹ̀ kẹ́yìn, síbẹ̀ ọwọ́ mi dúró lórí bíléèdì. Mo ké pe Tolú, ọmọ ọmọ mi, mo bi í pé ta ló ń wúkọ́ nínú fóònù rẹ̀.

Tolú rẹ́rìn-ín. Ó ní ìpolówó fíìmù tuntun kan ni, pé wọ́n fẹ́ ṣe ìtàn Baba Ẹ-Má-Bínú nígbà tí ó wà lọ́dọ̀ọ́, kí ó tó di ẹni tí àwa àgbà mọ̀. Òṣèré tí ó ń ṣe é láyé àtijọ́ ti kú tipẹ́. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí ó ní eré náà sì ti fi eré mìíràn tẹ̀ ẹ́ rẹ́, nítorí kò sí téèpù tó. Ikọ́ yẹn nìkan ló kù láyé, wọ́n rí i fà yọ nínú ìpolówó rédíò kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí gbogbo àwọn ọmọge ń pariwo orúkọ rẹ̀ ni wọ́n mú láti rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò lè mọ Baba Ẹ-Má-Bínú. Akódà kóòtù ni nínú eré, ẹni tí í gbé ìwé ìpè lọ fún àwọn tí wọ́n pè lẹ́jọ́. Ta ni í fẹ́ rí irú wọn lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀? Ṣùgbọ́n kí bàbá yìí tó fa ìwé yọ, yóò bọ́ bàtà, yóò ṣí fìlà, yóò wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja títí àyà rẹ̀ á fi kan ilẹ̀. Ìbáà ṣe olówó ni ó wá bá, ìbáà ṣe ọmọkùnrin tí kò tí ì hu irùngbọ̀n, bákan náà ni. Ibẹ̀ ni yóò ti wúkọ́, tí yóò ní, "Ẹ má bínú o. Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi, n kò rán ara mi." Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bàbá yẹn ni mo kọ́kọ́ rí tí ó ń ṣe ọ̀rọ̀ náà lójú mi.

Ilé díákónì kan ni a ti ń wò ó, ní ọ̀sán Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn. Òun nìkan ló ní tẹlifíṣọ̀n ní àdúgbò wa lẹ́bàá ilé ẹ̀kọ́ míṣọ̀n. Ó sì ní òfin: ọmọ tí kò bá lè ka àkọ́sórí tí wọ́n kọ́ wa láàárọ̀ ọjọ́ náà kò ní wọlé, ojú fèrèsé ni yóò ti wò ó. Èmi ọmọ Onítẹ̀bọmi gidi, ọmọ olùkọrin, ojú fèrèsé ni mo sábà máa ń wà, nígbà tí ọmọ Mùsùlùmí ilé kejì wa ti ka ẹsẹ Bíbélì tirẹ̀ láìṣì, tí ó ti jókòó sórí ẹní. Ọjọ́ tí mo bá rí ọ̀nà wọlé, Sàmú ni ó sọ ọ́ sí mi létí. Sámúẹ́lì ni orúkọ rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà tí a kò tíì wọ ṣòkòtò.

Iná a sì máa lọ. Bàbá yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ilẹ̀kùn ẹnìkan báyìí, tẹlifíṣọ̀n yóò ṣókùnkùn, gbogbo wa á kígbe. Sàmú yóò bá dìde. Yóò bọ́ bàtà, yóò ṣí fìlà tí kò dé, yóò nà sílẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun ọjọ́ ìsìn, yóò wúkọ́, yóò sì bá eré náà lọ títí dé òpin, òun ni akódà, òun ni olùjẹ́jọ́, òun ni ìyàwó olùjẹ́jọ́. Díákónì fúnra rẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn. Títí di òní, n kò mọ èyí tó jẹ́ ti òṣèré nínú ohun tí mo rántí àti èyí tó jẹ́ ti Sàmú.

Àṣejù rẹ̀ kò wá ní òpin. Ní ọjọ́ kan, bàbá rẹ̀ rán wa sí Olúpọ̀nnà, sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Iṣẹ́ náà kò ju pé ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ti yẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí màmá má tíì pa adìyẹ. Bí a ti dé agbo ilé, Sàmú bọ́ bàtà, ó nà gbalaja, ó wúkọ́. "Ẹ má bínú, Màmá. Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi." Ó gbàgbé pé nílẹ̀ wa, ọmọ tí ó bá ti ìlú mìíràn wá, tí kò dúró kí ẹnikẹ́ni bi í léèrè tí ó fi nà sílẹ̀ tí ó ń bẹ̀bẹ̀, gbogbo àgbà ló mọ irú ọ̀rọ̀ tí ó gbé wá. Màmá fọwọ́ lérí. "Yéè! Àbúrò mi ti lọ!" Kí Sàmú tó dé orí ọ̀rọ̀ adìyẹ, ẹkún ti gba agbo ilé, ọkùnrin kan sì ti fò sórí kẹ̀kẹ́, ó ti gba ọ̀nà Ìwó lọ. Nígbà tí a fi máa délé, àwọn olùkẹ́dùn ti bá òkú níbi tí ó ti ń jẹ ẹ̀bà. Sàmú jẹ pàṣán lọ́jọ́ náà, èmi náà sì jẹ níbẹ̀, nítorí àgùntàn tó bá ajá rìn á jẹ ìgbẹ́. Bàbá Àjíǹde ni àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń pe bàbá rẹ̀ títí ó fi lọ ní tòótọ́.

Sàmú di tíṣà, ó fẹ̀yìn tì, a jọ darúgbó. Ilé rẹ̀ kò ju ojúlé mẹ́ta lọ sí tèmi. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìgbàgbé bẹ̀rẹ̀ sí í mú un. Orúkọ àwọn ọmọ ọmọ ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà èmi. Fúnmi, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó ń tọ́jú rẹ̀, ní kí n má jẹ́ kó dùn mí, òun náà ni ó ń pè ní Màmá. Ó dùn mí. Èmi nìkan ni mo kù nínú àwọn tí wọ́n bá a wà lọ́mọdé, bí kò bá sì mọ̀ mí mọ́, ta ni yóò jẹ́rìí pé a ṣe gbogbo nǹkan wọ̀nyí?

Nítorí náà ni mo ṣe gba fóònù Tolú, tí mo gbé e lọ bá a. Mo tẹ ikọ́ náà. Sàmú gbé orí sókè, ó wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé ó ń retí ẹnìkan. Mo tún un tẹ̀, kò wo ibì kankan mọ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí i. Mo sọ fún ara mi pé ikọ́ nìkan kò tó, bí ó bá rí Baba Ẹ-Má-Bínú lójúkorojú, bí ó bá rí i tí ó nà sílẹ̀, ó lè rántí ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Tolú fi mí sínú ẹgbẹ́ kan lórí Wasáàpù, àwa arúgbó tí a fẹ́ràn eré náà. Ariwo ni. Ìyá kan ní Ilé-Ogbó ní kí wọ́n jẹ́ kí òkú sùn, pé ta ló ní kí wọ́n wá sọ bàbá di ọ̀dọ́. Bàbá kan ní Kuta ní òun yóò wò ó, ṣùgbọ́n òun yóò di ojú kan. Èmi kò bá wọn jà. Ohùn mi ni mo gbà sílẹ̀, mo ṣàlàyé fún òṣèré náà bí wọ́n ṣe ń ṣe é: bàtà, fìlà, àyà kan ilẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Tolú wá ọ̀nà fi ránṣẹ́ sí wọn. Èsì dé: "Ẹ ṣeun gan-an, Dádì. A máa wò ó." Mo ka èsì yẹn títí mo fi há a sórí, èmi tí n kò lè há ẹsẹ Bíbélì kan.

Lọ́jọ́ tí fíìmù jáde, mo dé fìlà tuntun lọ sílé Sàmú. Fúnmi gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹwà, ara rẹ̀ ń dán, wọ́n ti fi abẹ to irùngbọ̀n rẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà ìyá arúgbó kan pẹ̀lú ìwé kóòtù àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rán an. Mo di apá àga mú. Kò bọ́ bàtà. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó fi ìka kan ilẹ̀ bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bọ́, ó na ìwé sí ìyá náà, ó yí padà.

Sàmú ti ń wo àwọn adìyẹ tí ó wà níta.

N kò bínú sí ọmọ náà. Bí ó ṣe ń kí bàbá rẹ̀ nílé nìyẹn, bí àwọn ọmọ tèmi náà sì ṣe ń kí mi nìyẹn, tí mo ń sọ pé ó tó, ẹ dìde. Àwa ni a sọ fún wọn pé ó tó. Wọ́n ní wọ́n ti ń gbèrò apá kejì báyìí. N kò ní ránṣẹ́ sí wọn mọ́.

"Sàmú," mo ní, "èmi ni."

Ó yíjú sí mi, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín ọmọlúàbí. "Ẹ kú ìrìn o," ó ní. "Ọ̀nà jìn." Ó wá kọjú sí Fúnmi: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún àlejò lómi."

Fúnmi wò mí, omi bo ojú rẹ̀. Mo mi orí sí i pé kó lọ bù ú. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gba ife náà, mo mu ún tán, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ baálé ilé bí àlejò ṣe ń dúpẹ́.