Lẹ́tà tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Kọ

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Èbúté Mẹ́ta. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ìwé kíkọ ò sì ṣòro fún mi, ìyẹn ni wọ́n ṣe gbé rẹ́jísítà lé mi lọ́wọ́. Bí ìpàdé bá ti bẹ̀rẹ̀, màá pe orúkọ, màá sì fi gègé pupa sàmì sí ti ẹni tí kò wá. Mo gbà pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni mò ń ṣe.

Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí ilé rẹ̀ ò ju ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ó tó oṣù mẹ́fà tí a ò fojú kàn án. Gbogbo wa la mọ̀ pé rọpárọsẹ̀ ti dá ọkọ rẹ̀, tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí, dùbúlẹ̀. A máa ń dárúkọ wọn nínú àdúrà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lọ wò wọ́n. Nígbà tó yá, ààrẹ ẹgbẹ́ ní kí n kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí i.

Ó ní, "Òfin ni òfin. Bí a bá gbà fún un, gbogbo wọn ló máa jókòó sílé."

Mo kọ ọ́. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdé kan, bí mo ṣe ń lọ síbi ìpàdé àdúrà ìrọ̀lẹ́, mo yà láti fún un. Ilẹ̀kùn yàrá wọn ṣí sílẹ̀. Ó ń nu ara ọkọ rẹ̀, aṣọ tó ti dọ̀tí wà nínú bàsíà nílẹ̀. Òórùn ibẹ̀ ò jẹ́ kí n lè kọjá ẹnu ọ̀nà, ibẹ̀ ni mo ti na lẹ́tà náà sí i.

"Ẹ káàbọ̀ o, Ìyá Akọ̀wé. Ẹ ò rí i pé omi wà lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á."

Mo ní kí n kúkú gbé e sórí tábìlì. Ó ní rárá, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtùnú ni wọ́n fi ránṣẹ́, bàbá náà á fẹ́ gbọ́.

Mo kà á. Mo ka ibi tí mo ti kọ ọ́ pé ó jọ pé ilé Ọlọ́run ò jẹ yín lógún mọ́. Mo ka ibi tí mo ti kọ ọ́ pé bí ẹ ò bá yọjú láàárín oṣù kan, a ó yọ orúkọ yín. Ẹnu bàbá náà ti wọ́, kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò lára mi títí mo fi kà á tán.

Ìyàwó rẹ̀ fún omi kúrò lára aṣọ tó fi ń nu wọ́n. Ó ní, "Ẹ bá mi di ẹsẹ̀ wọn mú. Mo fẹ́ yí wọn, kí n lè fọ egbò ẹ̀yìn wọn."

Mo wo aṣọ funfun tó wà lọ́rùn mi. "Màmá, ìpàdé àdúrà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

"Ó dáa. Ẹ bá mi kí wọn."

Ó kígbe pe ọkùnrin tó ń gbé yàrá kejì, tó ń ta páàtì mọ́tò ní ọjà Ládìpọ̀. Omi àlùwàlá ṣì ń kán lápá rẹ̀ nígbà tó wọlé. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fún mi láyè díẹ̀," ó sì rọra gbé bàbá náà bí ẹni gbé ẹyin.

Mo lọ síbi ìpàdé. Wọ́n ní kí n gbàdúrà fún àwọn aláìsàn. Mo gbà á dáadáa, àmín ń dún gidi.

Bàbá kú kí oṣù náà tó pé. Àlùfáà ṣí rẹ́jísítà wò, ó rí àmì pupa mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ìyàwó rẹ̀, ó ní ìdílé tí kò wá fún ohun tó lé ní oṣù mẹ́fà, ṣọ́ọ̀ṣì ò lè bá wọn sin òkú. Mo jókòó níbẹ̀, mi ò lanu. Wọ́n gbé e lọ sin sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú rẹ̀.

Nígbà tí ojú wá tì mí tó, tí mo padà lọ, ìyá náà ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọkùnrin yàrá kejì fún mi ní nọ́ńbà ìyá náà. Mo ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì gé e kí ó tó dún.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fi mí ṣe igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́. Wọ́n ní mi ò pa ìpàdé jẹ rí.