Ọjọ́ Tí Mo Pa Ẹ́ńjìnnì Nítorí Kámáráàdì

Òórùn epo ẹ́ńjìnnì tó jóná ni àdúgbò Plateau fi máa ń kí mi káàbọ̀ sí ìlú Savè. Lábẹ́ igi máńgòrò kan níbẹ̀ ni àbúrò ìyá mi ọkùnrin ti ń tún ọkọ̀ ṣe, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ti mu epo títí ó fi ń dán bí awọ bàtà. Ìwọ náà mọ ìgbà yẹn, ayé ìjọba ológun, tí gbogbo wa jẹ́ kámáráàdì ara wa, tí kámáráàdì kan ń jókòó sórí àga, tí àwọn yòókù ń dúró nínú oòrùn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé ni. Mo ní ìwé ẹ̀rí, mo sì ní awò tí ojú mi kò fi bẹ́ẹ̀ nílò.

Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tó ti gbó ni àbúrò ìyá mi yìí, tí mo ń pè ní Bàbá, fi ń gbé aláìsàn láti Okpara wá sí ilé ìwòsàn. Lọ́dún tó ṣáájú, ìyàwó rẹ̀ ń rọbí nínú ọkọ̀ náà, ẹ́ńjìnnì kò sì lágbára láti gun òkè kan tí ẹrẹ̀ bò. Ibẹ̀ ni obìnrin náà kú sí. Láti ọjọ́ náà, òkè yẹn nìkan ló kù lọ́kàn ọkọ rẹ̀.

Ó wá rí túbò àlòkù kan tú lára kámíọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan, tó dànù lójú ọ̀nà Parakou. Ẹ̀rọ kékeré ni, ó rí bí ìkarahun ìgbín. Èéfín ẹ́ńjìnnì ló ń yí i, òun náà á sì máa fipá ti atẹ́gùn wọ inú ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára sí i. Iwájú ọkọ̀ kò gbà á, ló bá dè é mọ́ ìdí ọkọ̀, níbi tí èéfín ti ń jáde, ó sì fa ọ̀pá oníhò gígùn gba abẹ́ ọkọ̀ lọ síwájú. Mo fi èdè Faransé ṣírò rẹ̀ sórí ìwé, mo ní kò lè ṣiṣẹ́.

"Pùròfẹ́sọ̀," ó dáhùn láti abẹ́ ọkọ̀, "gbé ìwé yẹn wá. Epo ń kán sí mi lójú, n ó fi nù ún."

Ó ṣiṣẹ́. A kó iṣu kún ọkọ̀, a sì gun òkè náà, ẹ̀rọ ń súfèé nídìí ọkọ̀. Bàbá kò wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà rárá. Nígbà tí a dúró, mo na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́, ó gbá ọwọ́ mi dànù.

"Jẹ́ kó mí ná. Ẹni tó sáré dé, ṣé wọ́n máa ń dí i nímú?"

Ó ṣàlàyé fún mi pé epo tó ń ṣàn ló ń tu túbò náà nínú. Bí a bá pa ẹ́ńjìnnì lójijì, epo á dúró, irin inú rẹ̀ á sì jóná.

Dẹlẹgé, aṣojú ìjọba ládùúgbò wa, gbọ́ ìròyìn náà. Ó ní ìṣèjọba tuntun ló bí ẹ̀rọ yẹn, ó sì pe ìpàdé láti sọ ọ́ lórúkọ. Bàbá gun òkè lójú gbogbo ènìyàn, ó padà dé, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́. Dẹlẹgé ti dìde, ó ti tú ìwé rẹ̀.

"Kámáráàdì, ẹ pa ariwo yẹn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó mí díẹ̀."

"Ẹ́ńjìnnì ń mí? Ìgbà wo ló bí ọmọ?" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. "Ta ló kàwé níbí?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo ti awò mi sókè, mo rìn lọ síbi ọkọ̀, mo sì yí kọ́kọ́rọ́. Gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Bàbá wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbójú sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dẹlẹgé pẹ́. Nígbà tó parí, tí a tan ọkọ̀, ìdí ọkọ̀ kò súfèé mọ́. Túbò ti gan.

Lọ́jọ́ kejì, mo dọ̀bálẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. "Bàbá, ẹ má bínú."

"Dẹlẹgé ò mọ̀," ló wí. "Ìwọ mọ̀."

Kò rí òmíràn rà títí ó fi kú. Ó ṣáà ń gbé aláìsàn bí ti àtijọ́, bí ọkọ̀ bá sì dé òkè yẹn, àwọn tó lè rìn á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á máa tì í. Èmi náà tì í nígbà ọlidé mi, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí mi.

Láti ìgbà náà, èmi fúnra mi ti dìde sọ̀rọ̀ níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n sì ti dákẹ́ fún mi. Mo máa ń bi ara mi léèrè ohun tí wọ́n pa kí n tó lè sọ̀rọ̀. Nínú gbogbo ohun tí dẹlẹgé sọ lọ́jọ́ yẹn, n kò rántí gbólóhùn kan. Ìsúfèé ẹ̀rọ náà lórí òkè ni mo ṣì ń gbọ́.